Ọdún kan l'Ẹ́dẹ: ohun tí wọ́n ń kiri, ohun tí wọ́n ń jẹ, ọdún tí wọ́n ń ṣe

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kó lọ sí Ẹdẹ nítorí ilé ẹ̀kọ́: Poli ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke. Owó ilé àti iná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé àdúgbò bí ọmọ onílé, ó yẹ kó mọ bí ọdún ṣe ń yí níbẹ̀. Igbá orí ẹni tó ń kiri á ti sọ oṣù tí a wà kí kàlẹ́ńdà tó sọ ọ́.

Irú ìlú wo ni?

Ẹdẹ ò jìnnà sí Òṣogbo. Ìtàn sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba ìlú náà ní Tìmì títí dòní.

Ní sẹ́ńtúrì 19, Tìmì Àbíbù Lágúnjú wà lára àwọn ọba tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù nílẹ̀ Yorùbá. Tìmì John Adétóyèsè Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, Kìrìsìtẹ́nì ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù dùndún. Ọba Múnírù Adéṣọlá Láwàl, tó gorí oyè ní 2008, Mùsùlùmí ni. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀ dáadáa: ní 1959, Ulli Beier gbé odindi ìwé jáde lórí àwọn ọdún òrìṣà tí ìlú yìí ń ṣe láàárín ọdún kan.

Torí náà, ohun méjì ló ń yí ọdún l'Ẹ́dẹ: òjò àti òṣùpá.

Ohun tí òjò ń mú wá

Oṣù kejìlá sí ìkejì: Ọyẹ́ dé. Eruku bo òrùlé, ètè ń bẹ́, òrí di ohun tí gbogbo ilé ń wá. Ní òwúrọ̀, ògì gbígbóná àti àkàrà ló ń lọ jù. Ìgbà yìí ni àgbálùmọ̀ ń jáde. Èyí tó kan máa ń fa ojú ro, àwọn ọmọdé sì máa ń jẹ èèpo rẹ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ìgbà yìí náà ni àwọn ọmọ ìlú ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ wá ṣe Kérésì, ìgbéyàwó sì ń pọ̀.

Oṣù kẹta sí ìkẹrin: Ooru mú, máńgòrò àti kaṣú kún ọjà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán lálẹ́, èsúnsún á jáde wá síbi iná. Àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi sábẹ́ gílóòbù, wọ́n á kó èyí tó bá já sínú ẹ̀, wọ́n á gé ìyẹ́ ẹ̀ dànù, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ yan án. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí máa ń sá. Ẹ tọ́ ọ wò ná.

Oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ: Àgbàdo tútù dé. Èéfín ẹni tó ń sun ún á gba ẹ̀gbẹ́ títì kan, ìyá alágbàdo sísè á ṣí ìkòkò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àgbọn sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àsálà àti ìyeyè náà á máa kiri. Ṣùgbọ́n bí oṣù keje bá ti ń lọ, iṣu tuntun lọ̀rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ó máa gbọ́ ìró odó láti ilé dé ilé.

Ohun tí òṣùpá ń mú wá

Ààwẹ̀ àti Iléyá ò dúró sójú kan. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ni wọ́n fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, àmọ́ àgbàdo àti iṣu kì í sún tẹ̀ lé wọn. Ní 2017, òpin oṣù karùn-ún ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà òjò. Ní 2026, oṣù kejì ni, nínú ooru, ìgbà àgbálùmọ̀. Ní 2030, ìṣirò fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan náà, ní oṣù kìíní àti ní ìparí oṣù kejìlá.

Sààrì lóru, ìṣínu nírọ̀lẹ́: ẹ̀kọ mímu, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ọsàn àti dàbínù. Àwọn ẹlẹ́wéré tó máa ń jí àwọn èèyàn fún sààrì láyé àtijọ́ ni orin fújì ti jáde.

Ọdún òrìṣà

Nínú ọdún Ọbàtálá tí Beier kọ nípa rẹ̀, Ajagẹmọ tó jẹ́ olórí àwòrò máa ń bá Olúnwì jà, ìjà tó jẹ́ eré àti ijó. Wọ́n á mú Ajagẹmọ lẹ́rú, Tìmì á san owó ìràpadà, wọ́n á sì gbé e padà wá pẹ̀lú ayọ̀. Oúnjẹ Ọbàtálá kì í ní epo pupa nínú, ẹmu sì jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ti Ṣàngó yàtọ̀: ìlù bàtá, orógbó, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti àgbò. Bẹ́ẹ̀ ni o, àgbò kan náà tí wọ́n ń pa nígbà Iléyá.

Àwo tó ń kọjá láti ilé sí ilé

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú agboolé kan, bàbá lè jẹ́ alhájì, àbúrò ẹ̀ lè jẹ́ pásítọ̀, ìyá wọn àgbà sì lè jẹ́ olórìṣà. Ẹran Iléyá á lọ sílé oníṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì Kérésì á lọ sílé Mùsùlùmí. Kìrìsìtẹ́nì tó bá ń ṣe ìnáwó sábà máa ń pe Mùsùlùmí kó wá bá òun dúńbú ẹran, kí gbogbo àlejò lè jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé nìyẹn.

Lóde òní, àwọn kan ti ń dá àwo padà. Wọ́n á ní ẹ̀sìn àwọn ò gbà á. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹnikẹ́ni láti má jẹ ohun tí kò fẹ́. Àmọ́ ẹni tó gbé oúnjẹ wá ò wá yí yín lẹ́sìn padà o, aládùúgbò yín ni. Bí ẹ ò bá lè jẹ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ kí wọn kú ọdún, kí ẹ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé aládùúgbò yín ò lè jẹ ẹran tiyín, ẹ fún un ní ìrẹsì tàbí iṣu tí ẹ ò tíì sè. Òun náà á rántí yín bí ọdún tiẹ̀ bá dé.