Oògùn Tí À Ń Fi Sí Ìdí

Oògùn tí à ń fi sí ìdí ni èyí tí a gba ihò ìdí kì bọ inú ara, yálà hóró tí ooru ara ń yọ́ tàbí omi oògùn. Ẹni tó ń bì tàbí tí gìrì mú kò lè gbé oògùn mì. Bí kò bá sì sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún nítòsí, ọ̀nà yìí ló kù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ìpẹ̀kun ìfun. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ kì í gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ọkàn, nítorí náà ẹ̀dọ̀ kì í kọ́kọ́ dín agbára oògùn wọn kù. Àmọ́ bí ìgbẹ́ bá kún ibẹ̀, díẹ̀ ni ara ń rí gbà.

A ń fi parasítámọ́ọ̀lù síbẹ̀ fún ibà, diazepam fún gìrì, glycerin fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Ata àti egbòogi tí àwọn kan ń fi rọ́bà fín sí ọmọ ìkókó nídìí kò sí lára wọn: ó ń bó ìfun, ó sì lè pa ọmọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni artesunate, oògùn ibà malaria. Ọmọ tí ibà líle mú ní Wulari, ní Maiduguri ní ìpínlẹ̀ Borno, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́. Ti ọmọ abúlé Borno tí ọ̀nà rẹ̀ kò ṣeé rìn lóru yàtọ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe hóró mílígíráàmù 100 fún: hóró 1 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, hóró 2 fún ọmọ ọdún 3 sí 5. Bí ó bá jáde láàárín ìṣẹ́jú 30, kí a fi òmíràn sí i, kí a sì di ìdí ọmọ náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana, Tanzania àti Bangladesh, tó jáde ní 2009, fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tó pẹ́ lọ́nà là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lò ó ní Adamawa, ìpínlẹ̀ tó bá Borno pààlà, ikú kò dín kù. Ọ̀pọ̀ òbí kò gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn mọ́ lẹ́yìn hóró náà. Nínú àwọn tó dé ibẹ̀, púpọ̀ kò rí ìtọ́jú gbà parí. Ó dùn mí, nítorí oògùn náà kò ṣẹ̀. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n dá ìtànkálẹ̀ rẹ̀ dúró. Ní 2023, wọ́n tún fọwọ́ sí i, níbi tí ọmọ ti lè rí abẹ́rẹ́ artesunate gbà, kí ó sì lo ACT (àpapọ̀ oògùn ibà malaria tí à ń gbé mì) fún ọjọ́ 3 tẹ̀lé e.