Ìrù légbénlégbé àti orúkọ ẹ́ńsáìmù kan

Bí légbénlégbé bá ń di àkèré, ìrù rẹ̀ a máa súnkì títí yóò fi pòórá. Kì í já bọ́. Ara rẹ̀ ni ó ń tú u ká. Kí ni ó ń tú kọ́lájìn, fọ́nrán líle tí ó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó sì mú awọ dúró? Ní ìlú Boston, Jerome Gross àti Charles Lapière, ará Bẹ́ljíọ̀mù, gbé ẹran ìrù náà lé orí kọ́lájìn tí ó dì bí ẹ̀kọ. Kọ́lájìn tí ó yí ẹran náà ká yòrò. Ọdún 1962 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Kí ọdún 1970 tó dé, a ti rí irú ẹ́ńsáìmù yìí nínú awọ ènìyàn. Collagénase ni a ń pè é ní Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ náà wò. Kolla ni àwọn Gíríìkì ń pe àtè tí a fi ń lẹ nǹkan, nítorí pé bí a bá se awọ àti egungun, àtè ni yóò dà. Àfòmọ́ ìparí -ase wá láti inú diastase, orúkọ tí Payen àti Persoz lò ní ilẹ̀ Faransé ní 1833. Yorùbá kì í fi irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìparí. Iwájú ni tiwa máa ń wà: apẹja, adájọ́. Nítorí náà, atú-kọ́lájìn ni ì bá jẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni wọ́n fi sọ ẹ́ńsáìmù náà lórúkọ. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ó ń gé purotéènì mìíràn pẹ̀lú. Bí àwọn ìbátan rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n fún wọn ní orúkọ ìdílé kan, MMP, àti nọ́ńbà: ti awọ ènìyàn di MMP-1. Síńkì ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ní láti pa MMP-4, 5 àti 6 rẹ́, nítorí pé àwọn tí a ti sọ lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Mẹ́tàlélógún (23) ni ti ènìyàn lónìí.

Àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní Yorùbá lè fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Atú-kọ́lájìn dùn létí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìgbà ìṣáájú ni yóò tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá orúkọ fún ìdílé, kí nọ́ńbà sì tẹ̀lé e.