Bátìrì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè: Ìtàn Mọ́tọ̀ Tí Kò Ní Kábọ̀ọ̀nù

Ọ̀rọ̀ ìtàn ti ọ̀sẹ̀ yìí, inú ìbéèrè yín ni mo ti mú un. Àwọn kan nínú wa fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù wọn, kí wọ́n fi mọ́tọ̀ oníná sí i, irú èyí tí kò ní kábọ̀ọ̀nù. Owó èsúsú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Owó èsúsú kì í ṣe owó àfiṣeré, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí nǹkan náà ti wá ká tó ná an.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: tí mo bá ní "mọ́tọ̀" lónìí, nǹkan tó ń yí nínú ẹ̀rọ ni mò ń wí o. Ọkọ̀ ni màá pe ọkọ̀.

Mọ́tọ̀ àtijọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Òun ló wà nínú bíléńdà tí ẹ fi ń lọ ata àti nínú dírìlì káfíńtà. Wáyà bàbà tí wọ́n wé ló ń yí nínú rẹ̀, kábọ̀ọ̀nù méjì sì ń fara kàn án láti gbé iná fún un. Bó ṣe ń yí ni kábọ̀ọ̀nù ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì. Iná wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí nínú dírìlì, ibẹ̀ ló ti ń ta. Tó bá jẹ tán, ẹ̀rọ dúró, ẹ di ọ̀dọ̀ rìwáyà.

Thomas Davenport, alágbẹ̀dẹ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tọ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Ọdún 1834 ló ṣe é, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ní 1837. Mọ́tọ̀ yẹn yí o! Ó tiẹ̀ fi yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bátìrì ayé ìgbà yẹn, irin zinc ló ń jẹ, zinc sì wọ́n ju èédú tí wọ́n fi ń da omi gbóná fún ẹ̀rọ lọ. Ọkùnrin náà kú ní 1851, kò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: mọ́tọ̀ kọ́ ló pa òwò rẹ̀, bátìrì ni.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1897, tákísí oníná ti ń gbé èrò ní New York. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé wúwo, kò sì gbé wọn jìnnà. Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde ní 1908, epo pọ̀, ọkọ̀ oníná bá wọlé sùn.

Níbo wá ni èyí tí kò ní kábọ̀ọ̀nù ti dé? Iná bátìrì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n rìn. Kí mọ́tọ̀ tó lè máa yí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa yí iná náà padà láti wáyà kan sí òmíràn. Iṣẹ́ tí kábọ̀ọ̀nù ń ṣe nìyẹn. Ní 1962, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Wilson àti Trickey, fi hàn pé irú nǹkan tó wà nínú rédíò transistor lè ṣe iṣẹ́ náà láìfara kan ohunkóhun. Òun la ń pè ní kọntirólà lónìí. Wáyà bàbà dúró sójú kan, òòfà ló wá ń yí. Nígbà tó di nǹkan bí 1983, Amẹ́ríkà àti Japan ṣe òòfà neodymium, èyí tó kéré tí agbára rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tó di 1991, Sony gbé bátìrì lithium wá sọ́jà. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: àwọn tó tètè fi ojoojúmọ́ dán àwọn nǹkan yìí wò, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìṣeré onírímóòtù sáré ìje wà lára wọn. Láti 1976 ni Tamiya ti Japan ti ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, oníkábọ̀ọ̀nù ni. Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù ìṣeré tó ń jẹ epo nitro ló di ọ̀gá lórí iyanrìn àti òkìtì. Lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn eléré náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ́ńjìnnì, táǹkì àti ẹ̀kísọ́ọ̀sì rẹ̀ dànù, wọ́n ń fi mọ́tọ̀ tí kò ní kábọ̀ọ̀nù àti bátìrì lithium dípò. Ẹ́ńjìnnì nitro kò tún rí ẹ̀yìn wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n sun mọ́tọ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ẹ bá rí mọ́tọ̀ tí wọ́n kọ 2,000 KV sí lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fólítì kan máa yí i ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí kò bá gbé ẹrù. Ẹ fún un ní bátìrì 14.8 fólítì, ó di ìgbà 29,600. Tí jíà tó wà lẹ́nu rẹ̀ bá tóbi jù fún ẹrù tó ń fà, ojú ẹsẹ̀ ló máa gbóná, kọntirólà á jó. Bí ti ọkọ̀ ìṣeré ṣe rí ni ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù yín náà rí. Ẹni tó kó àpò sìmẹ́ńtì kò lè lo jíà ẹni tó gbé èrò méjì.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Kano níbí, nígbà tí ìjọba fòfin de achaba ní January 2013, a daidaita sahu ló gba títì. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 di ohun tó lé ní ₦500, gbogbo wa la sì san án lórí ẹrù wa. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Phoenix Renewables, ti ń yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára bọ́ọ̀sì kéékèèké, wọ́n ń fi mọ́tọ̀ oníná sí i, oòrùn ni wọ́n sì fi ń ṣáàjì rẹ̀. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun ọ̀kadà oníná Spiro kì í jókòó ti ṣáàjì. Wọ́n á gbé bátìrì tó ti kú sílẹ̀, wọ́n á gba èyí tó kún, wọ́n á máa lọ.

Ẹ ò rí i? Ibi tó ti yọrí, ọ̀rọ̀ bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú. Davenport kò rí tiẹ̀ yanjú, òwò rẹ̀ sì bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, tó ń yin mọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó yìn ín tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi í: olójé ni bátìrì yìí ni, àbí lithium? Olójé kì í sábà kọjá ṣáàjì ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹni tó ń ṣáàjì lójoojúmọ́ lè tún bátìrì rà láàárín ọdún méjì. Lithium tó dáa lè ṣe ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ bi í pé níbo la ti máa ṣáàjì, èló, ta ni yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá kú ní oṣù mẹ́fà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Ẹ sì rántí ooru Kano. Bátìrì lithium kò fẹ́ ooru, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má sì fi í sáàárín aṣọ tàbí páálí mọ́jú. Gbogbo wa la mọ ohun tí iná ṣe lọ́jà Sabon Gari ní 2016.

N kò sọ pé kí ẹ má ṣe é o. Ohun tó dáa ni, epo sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó bá ti gba iye owó lọ́dọ̀ wọn, kó fi ohùn sílẹ̀ níbí, ká jọ ṣírò rẹ̀ sí owó epo ọdún kan.