Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́? Ìtàn Àtúnṣe Sọ́fítíwíà Lórí Àwọn Ibùdó Búlọ́ọ̀gù àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́

Ìfáárà

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan, a tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ nípa ìlò kọ̀ǹpútà. A to ìgbésẹ̀ mọ́kànlá síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí wọn yóò tẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí búlọ́ọ̀gù, ibi tí wọn yóò tẹ̀ kí àwòrán tó lè wọlé, ibi tí wọn yóò tẹ̀ kí iṣẹ́ wọn tó lè jáde fáyé rí. Nígbà tí sáà kejì yóò fi bẹ̀rẹ̀, ibùdó tí à ń lò ti yí ojú padà. Bọ́tìnnì tí a ní ó wà lápá òsì ti bọ́ sí apá ọ̀tún, òmíràn ti gba orúkọ tuntun, ẹ̀kẹta kò sí mọ́ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé náà sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbésẹ̀ kẹrin ò sí níbí o." Òótọ́ ló sọ, a kò sì rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè wa ni pé: láti ọdún 1999, ta ló ń pinnu pé kí ibùdó tí à ń kọ̀wé sí yí padà? Kí ni àyípadà náà ti fún àwọn òǹkọ̀wé, kí ló sì ti gbà lọ́wọ́ wọn? Èrò wa ni pé ìtàn àtúnṣe sọ́fítíwíà jẹ́ ìtàn ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ilé mú, àti pé olùkọ́ tó bá fi bọ́tìnnì nìkan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tún ìwé rẹ̀ kọ lọ́dọọdún.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Búlọ́ọ̀gù ni ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, tí èyí tó kọ kẹ́yìn máa ń wà lókè. Ibùdó búlọ́ọ̀gù ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àjọṣe wọn kò yàtọ̀ sí ti onílé àti ayálégbé. Ẹrù inú yàrá jẹ́ ti ayálégbé. Ògiri, òrùlé àti kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́ ti onílé.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀: 1999 sí 2003

Kí àwọn ibùdó wọ̀nyí tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní láti mọ èdè HTML, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà tí yóò gbé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, Pyra Labs, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní San Francisco tí Evan Williams àti Meg Hourihan dá sílẹ̀, gbé Blogger jáde. Òǹkọ̀wé yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àpótí kan, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, sọ́fítíwíà náà yóò to ojú-ewé, yóò sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti gba àyè sí. FTP ni orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi BlogSpot kún un fún ẹni tí kò ní àyè tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni irú òǹkọ̀wé méjì ti wà: ẹni tó ní ilé àti ẹni tó yá yàrá.

Ní ọdún 1999 kan náà ni Brad Fitzpatrick, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ LiveJournal. Níbẹ̀, òǹkọ̀wé lè pinnu ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: gbogbo ayé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí òun nìkan.

Owó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, owó tán lọ́wọ́ Pyra. Àwọn òṣìṣẹ́ kúrò, ó ku Williams nìkan tó ń bójú tó gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2003, Google ra ilé-iṣẹ́ náà. Ilé bọ́ sọ́wọ́ onílé mìíràn, àwọn ayálégbé sì wà nínú rẹ̀.

Àtúnṣe tó fún ni ní nǹkan

A kò gbọdọ̀ ṣe àbòsí: àwọn àtúnṣe kan mú ire wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, Blogger tún ara rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀. Ṣáájú àkókò yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí òǹkàwé fèsì ní láti lọ wá irinṣẹ́ níbòmíràn, kí ó so ó mọ́ ojú-ewé rẹ̀. Àtúnṣe náà pèsè àyè èsì, ó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ènìyàn lè fi ímeèlì kọ̀wé ránṣẹ́. Ojú-ewé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní yìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí olùkọ́ lè sọ fún kíláàsì pé, "Ẹ lọ ka èyí," kí gbogbo wọn sì dé ibì kan náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Blogger tuntun mìíràn jáde fún ìdánwò. Òǹkọ̀wé lè fi àmì pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ìsọ̀rí, ó lè fi eku kọ̀ǹpútà wọ́ apá ojú-ewé láti ibì kan sí ibòmíràn, ó sì lè yan àwọn tí yóò kà á. Olùkọ́ tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ sí gbangba rí ọ̀nà ìdáàbòbò níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé tuntun yìí ní láti ní àkáǹtì Google. Ẹnu ọ̀nà ti di ọ̀kan ṣoṣo.

Àtúnṣe tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni

Ní ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún 2010, Blogger pa ọ̀nà FTP dé. Google ṣàlàyé pé ìdá àbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún (0.5%) àwọn búlọ́ọ̀gù tó ń ṣiṣẹ́ ló ń lò ó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń fún àwọn ẹnjiníà pọ̀. Lójú onílé, ìdí yìí bójú mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo FTP ni àwọn tó ní ilé tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti kó wá sínú kọ̀ǹpútà Google, tàbí kí wọ́n wá sọ́fítíwíà mìíràn.

Àwọn mìíràn bá a débi tí ilé wó pátá. Six Apart ti Vox pa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Twitter ra Posterous ní ọdún 2012, wọ́n sì tì í ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2013. Wọ́n fún àwọn òǹkọ̀wé ní gbèdéke láti kó ẹrù wọn jáde. Ẹni tó gbọ́ ìkéde kó tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ pàdánù.

Ti LiveJournal gba ọ̀nà mìíràn. Six Apart rà á ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ SUP ti Rọ́ṣíà rà á ní ọdún 2007, wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà ní ìparí ọdún 2016, wọ́n sì gbé àdéhùn tuntun jáde lábẹ́ òfin Rọ́ṣíà ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Ẹni tó ń kọ̀wé láti Amẹ́ríkà kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ òfin ìlú mìíràn. Ohun tó gba àwọn kan sílẹ̀ ni pé kóòdù LiveJournal wà ní gbangba. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ti lò ó láti dá Dreamwidth sílẹ̀ ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ sì kó lọ síbẹ̀.

WordPress: ilé tí gbogbo ènìyàn ní àwòrán rẹ̀

Ìtàn WordPress fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Michel Valdrighi ti kọ sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ b2, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀. Nítorí pé ìwé àṣẹ rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ̀síwájú, Matt Mullenweg àti Mike Little mú un, wọ́n sì gbé WordPress àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2003. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Movable Type, tí ọ̀pọ̀ ń lò nígbà náà, gbé ẹ̀dà 3.0 jáde pẹ̀lú òfin tuntun tó dín iye òǹkọ̀wé àti búlọ́ọ̀gù tí ènìyàn lè ní lọ́fẹ̀ẹ́ kù. Inú bí àwọn òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ wọn sì yà sí WordPress. Ẹ̀dà 1.2 ní ọdún 2004 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ irinṣẹ́ àfikún fún un, ẹ̀dà 1.5 ní ọdún 2005 jẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ ìrísí ojú-ewé bí ẹni pààrọ̀ aṣọ.

Nígbà tí ẹ̀dà 5.0 dé ní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n yí àpótí ìkọ̀wé padà pátápátá. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ tuntun lè fi irinṣẹ́ àfikún kan dá àpótí àtijọ́ padà. Ìyàtọ̀ tí à ń wí nìyí: àyípadà dé bá àwọn náà, àmọ́ wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Kí a má ṣe gbàgbé pé ẹni tó nilé ló ni òrùlé jíjò. Ẹni tó gbé WordPress sórí àyè tirẹ̀ ní láti máa sanwó, kí ó sì máa ṣọ́ àbò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà 3.7, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe àbò wọlé fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe àti lẹ́tà Yorùbá

Apá kan kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Unicode, tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí láyé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe fún lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá ṣi lẹ́tà ẹ kà, áº¹ ni yóò gbé jáde. Ẹ fojú inú wo àlọ́ kan tí gbogbo ẹ rẹ̀ ti di báyìí.

Bí àwọn ibùdó ṣe ń bọ́ sí UTF-8 díẹ̀díẹ̀ ni ìṣòro yìí ń dínkù. Nínú gbogbo àtúnṣe tí a ti kà sílẹ̀, òun ló ṣe Yorùbá lóore jù, bẹ́ẹ̀ a kò rí i kí wọ́n fi lu agogo. Àmọ́ bí ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ sínú ilé tuntun kò bá fara balẹ̀, àmì ohùn lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó mọ èdè náà nìkan ló lè rí i.

Ìgúnlẹ̀ àti ìmọ̀ràn

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé àyípadà yóò máa dé, àti pé ẹni tó ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A dábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sọ kíkó iṣẹ́ jáde di apá kan ìdánwò: ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀dà gbogbo ohun tó kọ hàn, kí ó wà níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí olùkọ́ sì ṣí i wò bóyá àmì ohùn pé.

Ìwé pélébé tiwa náà ti yí padà. A ti fi ìbéèrè márùn-ún rọ́pò ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Ta ló ni ibùdó yìí? Báwo ni a ṣe lè kó iṣẹ́ wa jáde níbẹ̀? Ta ló lè ka ohun tí a kọ? Ṣé ẹ̀kọ́ ṣì ń jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí a bá ti fi pamọ́ tí a tún ṣí i? Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́? Bí bọ́tìnnì bá tún ṣípò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá a rí fúnra wọn.