Ọ̀rọ̀ Mélòó Ló Wà Nínú Ìbànújẹ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ọmọ mi gbé wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní kó ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn yìí: "Ó bà mí nínú jẹ́." Ó ti fi ìka kà á, ó ní márùn-ún ni. Mo ní kó dúró ná, pé "nínú" tó ń wò yẹn, "ní" àti "inú" ló wọnú ara wọn, mẹ́fà ni. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èwo tún ni ẹ̀ ń kà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìwé gírámà kan fún mi kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ti búra pé òun ò ní yá ọ̀rọ̀ kankan lò. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní mọ́fíìmù, ó pè é ní "ẹyọ-onítumọ̀-tó-kéré-jù-tí-a-kò-lè-fọ́-mọ́". Èyí kì í ṣe orúkọ. Àlàyé ni, tí wọ́n to sórí igi bí ẹja gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi sọ̀rọ̀, èémí á ti tán lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ní tèmi, kí mọ́fíìmù máa bá tirẹ̀ lọ, òun àti fóníìmù, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì àti sílébù. Ẹni tó bá ní Yorùbá ò gbọdọ̀ yá ọ̀rọ̀ lò, kó kọ́kọ́ dá àlàáfíà, àdúrà àti wàásù padà fún Lárúbáwá, kó sì gba ilẹ̀ Hausa kọjá bó bá ń lọ, torí ọ̀nà ibẹ̀ la ti bá àdúrà àti wàásù pàdé. Kó yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀ kó tó gbéra. Àlùfáà gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Kìrìsìtẹ́nì ti gbà á sínú Bíbélì, kò sì sẹ́ni tó bi í mọ́ pé níbo lo ti wá.

Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wà nílé, ẹ wo bó ṣe máa ń bá ara mu. Lọ́dún 1984 ni ìwé èdè-ìperí (àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè) tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì. Nínú ìmọ̀ gírámà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí àtàwọn olùkọ́ mìíràn ń lò, igi tí a fi àáké là ni wọ́n ti rí àpólà: àpólà igi lẹ́yìn ilé, àpólà orúkọ nínú gbólóhùn. Ara obì ni wọ́n ti rí awẹ́: bí gbànja ṣe ní awẹ́ méjì nínú èèpo kan ni gbólóhùn oníbọ̀ ṣe ń ní awẹ́ ju ẹyọ kan lọ. "Ní", tó máa ń ṣáájú "ọjà" nínú "ní ọjà", wọ́n sọ ọ́ di atọ́kùn, ẹni tó mú pàṣán dání, tó ń lọ níwájú eégún. Ta ni kò ní rántí iṣẹ́ rẹ̀?

Àfòmọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Ẹni tó bá ti ní oko kòkó tàbí obì mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ilẹ̀. "Ì-" tó wà níwájú ìbànújẹ́ nìyẹn. Kò lè dá dúró, ara "ba inú jẹ́" ló gùn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe fún igi tó gùn. Kó tó dé, ohunkóhun ló lè wọ àárín "bà" àti "jẹ́": ó bà mí nínú jẹ́, ó ba iṣẹ́ jẹ́, ó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Gbàrà tí "ì-" lẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn ti tì. Ìbànújẹ́ mi, ìbànújẹ́ rẹ, ẹ̀yìn ni "mi" àti "rẹ" ń dúró sí. Àfòmọ́ inú oko kì í ṣe irú oore bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ò ní wàhálà; nomen tí àwọn ará Róòmù fi pè é, orúkọ náà ló túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni n ò lè gbé mì. "Òkú wà nílẹ̀." Kí ni òkú ń ṣe? "Igi náà ga." Iṣẹ́ wo ni igi ṣe? Àwọn ará Róòmù ò dá ìṣe kankan mọ́ ọn, verbum ni wọ́n pè é, ìyẹn "ọ̀rọ̀" lásán. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ló ti ìṣe bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ẹnu ti gbà á, kò ṣeé yí mọ́, àmọ́ kí olùkọ́ yéé fi orúkọ yẹn ṣe ìtumọ̀ fún ọmọ. Ipò tí "wà" àti "ga" wà nínú gbólóhùn ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, òun gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi, ọmọ mi àti ìyá mi. Bí àgbà bá ní "mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ", wá àga, torí o lè lo wákàtí mẹ́ta nídìí ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ọ̀rọ̀ ni ohun tí a wí, òun náà ni ẹjọ́, òun náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní láti ara "rọ̀" ló ti wá, pé ohun tó rọ̀ wálẹ̀ láti ọ̀run ni. Ohùn wọn bá ara mu, bí ọ̀gbìn ṣe wá láti ara gbìn. Ṣùgbọ́n "rọ̀" tó jẹ́ kí nǹkan má le náà bá a mu, "rọ̀" tí a fi ń pàrọwà fún ènìyàn náà bá a mu. Èyí tó kẹ́yìn ló wù mí, bẹ́ẹ̀ wíwù ò sọ ọ́ di òótọ́.

Nítorí ẹrù tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ èdè fi máa ń ní "ẹyọ ọ̀rọ̀". Mo fara mọ́ ọn, torí ó rán mi létí owó ẹyọ. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Bí o bá yọ ẹyọ kan lórí okùn, owó ṣì ni. Ibẹ̀ náà ni àfiwé yẹn ti fẹ́ já mi kulẹ̀: yọ "jẹ́" kúrò lára "bàjẹ́", kí lo mú dání? Kì í ṣe "jẹ" ti oúnjẹ, kì í ṣe "jẹ́" ti orúkọ. Owó ò là sí méjì kí ó tún máa ná. "Bàjẹ́" là, ó sì ń ná.

Àkọtọ́ pàápàá ò ràn wá lọ́wọ́. Nínú Bíbélì ìyá mi, "nígbàtí" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1974 sọ ọ́ di "nígbà tí", ó di méjì nínú ìwé ọmọ mi. Ẹnu tó ń pè é ò yí padà, etí tó ń gbọ́ ọ ò yí padà. Àlàfo ló wọ̀ ọ́.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí lálẹ́ ọjọ́ náà, títí oorun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ lọ. Márùn-ún ló kọ sílẹ̀, ohun tí tíṣà rẹ̀ fẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ti ṣa ẹ̀wà tán. Wọ́n gbọn ìdọ̀tí inú àtẹ dànù, wọ́n wá kọjú sí mi: "Gbogbo èyí tí ẹ ń kà láti àárọ̀, ẹ ò tíì sọ fún mi o. Kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi bà á nínú jẹ́?"