Ẹnu Tó Jẹ Dòdò, àti Káàdì Wúrà

Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Adùn òwe náà wà nínú ọ̀rọ̀ méjì tó jọra létí tí ohùn wọn yàtọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá wa lẹ́nu láti sọ ọ́ sí olóṣèlú àti adájọ́ tó gba rìbá. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Òwe náà kò sọ pé ẹnu náà kò ní sọ òdodo, kò sì pe onítọ̀hún ní onírọ́. Ó ní kò lè sọ ọ́ ni. Dòdò ti yí adùn ohun gbogbo padà lórí ahọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ètè.

Láti Onígbòǹgbò, bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ kò bá sí ní òpópónà Mobolaji Bank Anthony, pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà rárá. Àwọn tó ń lọ Àbújá láàárọ̀ tí wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́ pọ̀ ládùúgbò wa. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan, a jọ fẹ́ wọ bàálù aago méje. Kò gbéra títí aago mọ́kànlá. Èmi wà lórí àga onírin níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ká gèlè rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi ní káàdì wúrà ilé iṣẹ́ bàálù náà, ó wà nínú láúnjì tó tutù nini. Kó tó yọ káàdì síta ni ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ti pe orúkọ bàbá rẹ̀: “Ẹ káàbọ̀ sà, ó tó ọjọ́ mẹ́ta!” Wọ́n bu ìrẹsì fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, dòdò wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí a wọ bàálù tán, mo bi í pé báwo ló ṣe rí ìṣe àwọn èèyàn yìí. Ó ní, “Wọ́n ń gbìyànjú jàre.” Ìyá ọlọ́mọ ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò tún ní tẹ inú bàálù wọn mọ́. Bàálù kan náà, wákàtí mẹ́rin kan náà.

Òfin àjọ NCAA, tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, sọ pé bí ìdádúró bá pẹ́, èrò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpápánu, ó tilẹ̀ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Ìyá ọlọ́mọ béèrè tirẹ̀, tariwo tariwo. Ọ̀rẹ́ mi kò rántí pé òun ní ẹ̀tọ́ kankan. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa rí gbà ti di àpọ́nlé fún un.

Yorùbá mọ èènì kí bàálù tó dáyé. Ní ọjà Ìpodo, ìyá onígàárì á wọn kóńgò kún, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ó bọ́ sínú báàgì yín lójú yín, ọ̀rọ̀ parí. Máìlì, èènì tí ilé iṣẹ́ bàálù ń kọ sílẹ̀ fún oníbàárà tó bá ń wọ bàálù wọn, kì í ṣe irú èènì bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí American Airlines ti gbé AAdvantage, ètò máìlì rẹ̀, jáde ní oṣù karùn-ún 1981, tí United sì tẹ̀ lé e lóṣù kan náà, inú ìwé olùtajà ni èènì oníbàárà ń gbé. Òun ló mọ iye tí ẹyọ kan tó, òun náà ló sì lè dín in kù. Ohun tó tilẹ̀ yani lẹ́nu ni pé èènì yìí lè tóbi ju ọjà lọ. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, United fi MileagePlus, ètò máìlì tirẹ̀, dúró láti yá owó. Wọ́n díwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 22 dọ́là, èyí tó ju iye tí ọjà ìpín-ìdókòòwò ń pe odindi ilé iṣẹ́ náà lọ nígbà yẹn. Àwọn báńkì ló ń fi owó gidi ra máìlì lọ́wọ́ wọn, láti fi fa ojú àwọn oníkáàdì tiwọn mọ́ra.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni pé, ta ló sanwó dòdò? Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọba Akran ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ òṣìṣẹ́ ni máìlì wọlé sí. Bí bàálù mìíràn bá wà tí owó rẹ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ta ni yóò sọ fún ọ̀gá? Ẹnu ti kún. Mi ò ní pe èyí ní rìbá, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ìyá rẹ̀.

Dòdò kò burú o. Arìnrìn-àjò Lọ́ńdọ̀n tí káàdì rẹ̀ fún un láyè àfikún àpò kan, tó fi di ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lọ bá àwọn ọmọ, èrè gidi ló jẹ. Ibi tó ti ń dunni ni ìgbà tí ilé iṣẹ́ bàálù bá kú. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí fò ní 2005, ó sì ní ètò tirẹ̀ tó ń jẹ́ Eagleflier. Ní 2009 ó di Nigerian Eagle, ní 2010 ó di Air Nigeria, ní 2012 ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí báńkì bá kú ní Nàìjíríà, àjọ NDIC ń san owó fún ẹni tó tọ́jú owó síbẹ̀, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. NDIC kò mọ máìlì rí.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń kó tirẹ̀ jọ de ìgbà ìfẹ̀yìntì. Mo ti sọ fún un, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà tí ẹ ní máìlì nílẹ̀: ẹ ná an lọ́dún yìí.