Ìwé Bàbá Wa Kì í Ṣe Pàǹtí

Ọ̀rọ̀ mi lọ́dún yìí dá lórí ìwé tó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn yín.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọjọ́ 14, tàbí kó fi Ghana sílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò àti Ṣakí tí wọ́n ti ń tajà níbí láti ayé Gold Coast di ẹrù. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, owó wọn sì há sọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn bàbá mi wà lára wọn. Wọ́n di rìsíìtì, ìwé gbèsè, lẹ́tà ilé àti fọ́tò mọ́ aṣọ wọn lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n tún dì í padà wá.

Nígbà tí wọ́n kú, àwa ọmọ tún yàrá wọn ṣe. A pín aṣọ, a pín bàtà, a sì sun ìwé. Èmi gan-an ni mo ṣáná sí i. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ mi bi mí pé ọdún wo ni bàbá àgbà kọ́kọ́ dé Kumasi, ta ló sì gbà wọ́n sílé. N kò rí èsì fọ̀. Èsì náà wà nínú ohun tí mo sun.

Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní 1921. Bí ẹbí bá ti sun àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ńkọ́?

Ẹ má sọ pé bàbá yín kì í ṣe òǹkọ̀wé. Akinpelu Obisesan ti Ìbàdàn ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sílẹ̀: kòkó, gbèsè, ọ̀rọ̀ ẹbí. Lónìí ìwé rẹ̀ wà ní Kenneth Dike Library, Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ sì ń kà á.

Àwọn Àṣáńtì tí a jọ ń gbé náà mọ iyì èyí. Nígbà tí Òyìnbó lé Prempeh Kìíní lọ sí Seychelles, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn àwọn ọba Àṣáńtì sílẹ̀ ní 1907. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú gan-an ló mọ̀ pé ìtàn lè sọnù.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti ya kọ́bọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ mú ìwé wá. Akọ̀wé yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò kọ orúkọ ẹbí sí i, yóò sì dá ojúlówó padà fún ẹni tó bá fẹ́. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti àṣírí, ẹbí ni yóò sọ ẹni tó lè kà á. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, nígbà tí ìyá tó dá wọn mọ̀ ṣì wà láyé. Ẹ má gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ṣáná, ẹ kọ́kọ́ pè mí.